Àwọn Orí Ọ̀bọ Tí Mo Kó Wá sí Pórógun

Ọjọ́ Ajé, 5 Ṣẹẹrẹ 1987. Ìjẹ̀bú-Òde.

Ọyẹ́ mú lónìí débi pé ètè mi là nígbà tí mo ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ó bá mi sọ àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò béèrè ohun tó wà nínú wọn, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ni ló ní kí n kó wọn kúrò ní yàrá sáyẹ́ǹsì, pé àga ni wọ́n fẹ́ kó sí ibẹ̀. Gbogbo orí ọ̀bọ tí èmi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Rufus, olùkọ́ mi ní yunifásítì Ìbàdàn, ti ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ igbó J4 láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àpótí mẹ́ta ló gbà wọ́n. Yàrá kan ṣoṣo ni mo háyà nílé Alhaja Kúbúrátù ní Pórógun. Mo tò wọ́n sábẹ́ fèrèsé, ẹdun lápá kan, aáyá àti ìjímèrè lápá kejì, gbogbo wọn kọjú sí ibùsùn mi.

Mo gbé ẹ̀dà orí ọ̀bọ àtayébáyé kan tó ti di òkúta sórí tábìlì. Òkúta gan-an wà ní mùsíọ́mù òkè òkun; símẹ́ǹtì funfun ni wọ́n fi ṣe ẹ̀dà tí wọ́n fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Méjì ni: ọ̀kan jẹ́ agbárí ọ̀bọ náà, èkejì jẹ́ inú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀bọ náà kú, ẹrẹ̀ kún ibi tí ọpọlọ rẹ̀ wà, ẹrẹ̀ náà di òkúta, ó sì gba àwòrán ọpọlọ sílẹ̀. Kò tó ìkúùkù mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún mi ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun ń lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀. "Mọ́ṣádé, bí o bá fẹ́ kí n fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ, parí rẹ̀ kí n tó di ẹrù. Lẹ́yìn mi, kò sí ẹni tí yóò lè kà á níbí." Òótọ́ ni. Ẹnì kan yòókù tó mọ̀ nípa egungun orí ti lọ sí Sàúdí lésìí.

Ọjọ́bọ̀, 8 Ṣẹẹrẹ.

Mo ra jéró ní Sábó. Owó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọkùnrin tó ń tà á béèrè bóyá ẹyẹ ni mo ń sìn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rọrùn ju kí n sọ fún un pé inú orí ọ̀bọ ni mo fẹ́ rọ ọ́ sí, kí n mì ín títí yóò fi wọ gbogbo kọ̀rọ̀, kí n wá dà á sínú ìgò ìwọ̀n láti mọ bí ọpọlọ tó ti gbé ibẹ̀ ṣe tóbi tó.

Mo wọn ti ẹdun tán. Ọpọlọ ẹdun kò tó bí ara rẹ̀ ṣe tó. Ewé ló ń jẹ. Inú ikùn ni agbára rẹ̀ ń lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Ṣẹẹrẹ.

Mo lọ sí Ayépé. Lẹ́yìn ìsìn, Màámi bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

"Mo gbọ́ pé Bọ́dúnrìn ti bí ọmọ mìíràn," ó ní. "Ọkùnrin."

"Ọlọ́run á wò ó."

"Àmín. Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Ó ń lọ, Màámi."

Kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni Màámi ti ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì tíì yé e bí ọmọ òun ṣe wá ń fi orí ọ̀bọ wádìí ohun tí Jẹ́nẹ́sísì ti sọ. Kò bá mi jà sí i rí. Ó kàn máa ń yà á sílẹ̀ ni, bí ènìyàn ṣe ń yà fún kòtò. Ọ̀rọ̀ Bọ́dúnrìn ni kì í yà fún. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé ọkùnrin náà ní Èkó, tí ẹlòmíràn ti bọ́ síbẹ̀, tó sì ń bímọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Ṣẹẹrẹ.

Mo lọ sí oko rọ́bà kan lẹ́yìn Odogbolu. Gbàdàmọ́sí tó ń kọ igi níbẹ̀ bu omi rọ́bà sínú kẹ́ẹ̀gì fún mi, mo sì yára da amóníà lé e kó má baà dì lọ́nà. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà rùn débi pé obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ.

Nílé, mo rọ omi rọ́bà náà sínú orí aáyá kan láti ihò tí ọ̀pá ẹ̀yìn gbà wọ orí. Mo yí i káàkiri kó lè kan gbogbo ara inú rẹ̀, mo da èyí tó kù jáde, mo sì fi sílẹ̀ kó gbẹ. Ọ̀la, màá tún rọ òmíràn lé e kó lè nípọn.

Ọjọ́rú, 21 Ṣẹẹrẹ.

Ó gbẹ. Mo fi ìka tú u kúrò lára egungun díẹ̀díẹ̀, mo ká a kò, mo sì fà á gba ihò náà jáde. Ó nà padà lọ́wọ́ mi. Ọpọlọ aáyá kan nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ìlà rẹ̀ àti ipa ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Mo gbójú sókè láti fi han ẹnì kan. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Mo gbé e sórí agolo mílíìkì, mo sì se ẹyin méjì.

Ọjọ́bọ̀, 29 Ṣẹẹrẹ.

Mo dé orí ọmọ aáyá lónìí. Ọdẹ tó yìnbọn fún ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé ó gbé ọmọ mọ́ àyà. Agbárí náà fúyẹ́ bí igbá kékeré. Iwájú orí rẹ̀ ga, ó yí roboto, ojú rẹ̀ kò sì tíì yọ síwájú. Gbogbo ọ̀bọ ló ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọpọlọ máa ń tètè dàgbà, òun ló sì ń ti agbárí jáde kó lè yí. Lẹ́yìn náà ọpọlọ á dúró, ṣùgbọ́n eyín àti páárì kò ní dúró. Wọ́n á fa ojú síwájú títí orí yóò fi di ti àgbà ọ̀bọ. Ìbéèrè mi gan-an nìyí: lára ọ̀bọ tó wà láyé àti èyí tó ti di òkúta, èwo nínú ìrísí orí ni ọpọlọ ṣe, èwo ni páárì ṣe?

Bí mo bá fi àtàǹpàkò bo ẹnu rẹ̀, èmi pàápàá máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá orí ọmọ ènìyàn ni. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ pẹ́ ju bí iṣẹ́ ṣe gbà lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Èrèlè.

Oòrùn dára. Mo fọ díẹ̀ nínú àwọn orí náà, mo sì sá wọn sórí símẹ́ǹtì lẹ́yìn ilé. Tàíbátù, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, wá pọn omi. Ó dúró.

"Kí nìyí, Tíṣà?"

"Orí ọ̀bọ ni."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún yunifásítì ni."

Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ti ọmọ aáyá. "Èyí náà?"

"Ọmọ ọ̀bọ ni."

Ó gbé garawa rẹ̀ lọ láì pọn omi. Fàtímọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, dúró díẹ̀ sí i, ó ń wò wọ́n, kí ìyá rẹ̀ tó pè é.

Ọjọ́ Ajé, 9 Èrèlè.

A kò rí Fàtímọ̀. Láti àná lẹ́yìn Àsárì ni. Wọ́n rán an ní iyọ̀, kò padà wá. Mo bá wọn wá a títí dé Ìta-Ọ̀ṣun, mo ń pe orúkọ rẹ̀ ní gbogbo ẹnu àbáwọlé. Nígbà tí a padà dé, àwọn obìnrin jókòó ti Tàíbátù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo ṣe wọlé ni wọ́n dákẹ́. Mo rò pé àánú ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́rú, 11 Èrèlè. Ayépé.

Nílé Màámi ni mo ti ń kọ èyí.

Àwọn ọlọ́pàá dé láàárọ̀ àná, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Àwọn èrò ti kún àgbàlá kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n kó àwọn orí náà láìwo ibi tí wọ́n ń gbá wọn mú, wọ́n dà wọ́n padà sínú àpótí bí ẹni ń da ẹ̀pà, wọ́n sì jù wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹnì kan nínú èrò ní, "Ẹ wo bó ṣe dákẹ́. Obìnrin tí kò bímọ." Mo mọ ohùn náà. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí.

Ní àgọ́, Sájẹ́ǹtì Yẹ̀kínì ló bi mí ní ìbéèrè. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó to àwọn orí náà sórí tábìlì, ó sì gbé ti kékeré náà sí iwájú mi.

"Ìyáàfin, orí ta nìyí?"

"Aáyá ni, sà. Ọmọ rẹ̀."

"Kí ni ẹ fẹ́ fi orí ọ̀bọ ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ bí ọpọlọ wọn ṣe rí, èyí tó wà báyìí àti ti àtijọ́."

"Bí ẹ bá wá mọ̀ ọ́n, kí ni ẹ máa fi ṣe?"

Mo yí orí kékeré náà dojú dé. Mo fi ihò tí ọ̀pá ẹ̀yìn gbà wọlé hàn án, pé tí ènìyàn wà lábẹ́ orí gan-an nítorí pé òòró la ń dúró, ṣùgbọ́n tí ọ̀bọ sún sẹ́yìn. Mo fi eyín rẹ̀ hàn án, bí ti ẹ̀gbẹ́ ṣe ṣe ṣóńṣó. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kan sọnù, ìyá rẹ̀ sì wà níta. Dókítà ló máa sọ." Ó ní kí n jókòó.

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí di ìrọ̀lẹ́. Láti ibẹ̀ mò ń gbọ́ ẹkún Tàíbátù níta. N kò lè bínú sí ẹkún yẹn. Ohun tó burú jù ni pé kò sí ẹni tí mo lè ní kí wọ́n lọ pè. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ pé àwọn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà ní Ìbàdàn. Màámi nìkan ló kù, n kò sì fẹ́ kó gbọ́.

Ó ti gbọ́. Ó wọlé pẹ̀lú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì lórí àti àpò lọ́wọ́, kò kí ẹnikẹ́ni, ó wá dúró níwájú mi.

"Ṣé ọ̀bọ ni?"

"Ọ̀bọ ni, Màámi."

Ó yíjú sí Sájẹ́ǹtì. "Ọ̀bọ ni," ó ní, bí ẹni pé ojú rẹ̀ ló ṣe. "Èmi ni Matilda, tíṣà àtijọ́, ará Ayépé. Èmi ni mo bí i. Ibo ni mo ti máa dúró fún un?"

Wọ́n fi mí lé e lọ́wọ́. Àwọn orí náà ni wọ́n dá dúró ní àgọ́.

Ọjọ́bọ̀, 12 Èrèlè.

Wọ́n ti rí Fàtímọ̀, láàyè, pẹ̀lú àlàáfíà. Bàbá rẹ̀, tí òun àti Tàíbátù ti kọ ara wọn, ló pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà tó sì gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu màsẹ́ńjà kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti gbọ́. Mo wọ inú yàrá ẹ̀kọ́ tó ṣófo, mo sì jókòó díẹ̀. Inú mi dùn gan-an ni. Lẹ́yìn náà mo dúró kí ẹnì kan wá bá mi sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ṣú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Èrèlè.

Dókítà kékeré kan láti ọsibítù ìjọba wò wọ́n láàárọ̀. Ó gbé ti ọmọ aáyá lọ síbi fèrèsé, ó sì pẹ́ níbẹ̀. "Ọ̀bọ ni," ó ní nígbà tó yá. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ká ní n kò yí i wo abẹ́, èmi náà ì bá ṣì í." Sájẹ́ǹtì ní kí n máa kó ẹrù mi lọ, kí n má bínú, iṣẹ́ ni. Mo ní n kò bínú.

Mo tú àwọn àpótí náà lẹ́yìn tí mo ti ti ilẹ̀kùn. Ìjímèrè méjì fọ́ yángá. Páárì ẹdun ti yà kúrò lára orí wọn, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti èwo mọ́. Agbárí símẹ́ǹtì ti àtayébáyé sì ti di ìyẹ̀fun àti èérún. Kò sí òmíràn ní Nàìjíríà. Inú rẹ̀ nìkan ló kù, èyí tó dà bí ìkúùkù, àti àwọn ọpọlọ rọ́bà mi, tí kò sí ohun tó lè fọ́ wọn.

Mo gbá ìyẹ̀fun náà jọ sínú ìwé ìròyìn. Mo mọ̀ pé kò wúlò, síbẹ̀ n kò dà á nù.

Ọjọ́ Ajé, 16 Èrèlè.

Ẹnì kan ya agbárí sójú pátákó kí n tó dé kíláàsì, ó kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Páárì rẹ̀ ti gùn jù. Mo pa á rẹ́, mo sì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ewé.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Èrèlè.

Alhaja Kúbúrátù wọlé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó jókòó sí etí ibùsùn, ó sì kọ ẹ̀yìn sí àwọn orí náà.

"Tíṣà, ẹ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Láti ìgbà tí ẹ ti dé, n kò gbọ́ ohùn yín rí."

"Ẹ ṣé, mà."

"Ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé ní bí ẹ kò bá kó, àwọn á kó. Opó ni mí. Owó yàrá yẹn ni mo ń jẹ."

"Mo gbọ́, mà. Kí oṣù tó parí."

Ó ṣàdúrà fún mi pẹ́. Nígbà tó dìde, ó tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Èrèlè. Ayépé.

Màámi ṣí yàrá bàbá mi fún mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin bàbá, kò sí ẹni tó sùn níbẹ̀. Ó ti gbá a, ó sì ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ó rí mi tí mò ń gbé àpótí wọlé. Ó yíjú sí ọ̀nà ilé ìdáná.

Ooru pọ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, mo gbọ́dọ̀ máa jí lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde ní àràárọ̀.

Ọjọ́rú, 4 Ẹrẹ́nà.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lónìí, mo sì fẹ́ kọ ọ́ dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀.

Nítorí pé agbárí àtayébáyé ti fọ́, kò sí ohun tí mo lè tò sórí tábìlì bí kò ṣe àwọn ọpọlọ nìkan: ti símẹ́ǹtì láàárín, ti rọ́bà lọ́tùn-ún àti lósì. Tẹ́lẹ̀, agbárí ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ojú kúkúrú, páárì tó fẹ̀, orí ẹdun gan-an. Nígbà tí mo bá wá wo inú rẹ̀, ojú ẹdun náà ni mo fi ń wò ó. Lónìí kò sí agbárí. Mo wo ọpọlọ náà fúnra rẹ̀. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú, ibi tó wà fún òórùn sì yọ síta gbàǹgbà. Kò jọ ti ẹdun. Kò jọ ti aáyá. Kò jọ ti ọ̀bọ kankan tí mo ti fi ọwọ́ kàn.

Bí ojú mi kò bá tàn mí jẹ, òde orí ti di ti ẹdun kí inú rẹ̀ tó yí padà. Páárì ti ṣáájú. Ọpọlọ kò tíì bá a.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ òdìkejì èyí. Ohun tó kọ yẹn ni orúkọ rẹ̀ dúró lé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Ẹrẹ́nà.

Òjò àkọ́rọ̀. Ó kọlu páànù bí òkò. Mo tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, gígùn, fífẹ̀ àti gíga. Bákan náà ni.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Ẹrẹ́nà.

Lẹ́yìn ìsìn, Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Lẹ́yìn náà ó wọlé. Ó jókòó sórí àga bàbá.

"Kí lò ń wá nínú orí wọn gan-an?"

Mo sọ fún un. Mo fi orí ọmọ aáyá àti ti àgbà hàn án, mo ṣàlàyé bí páárì ṣe ń fa ojú síwájú. Kò fọwọ́ kan wọn.

"Ìgbà tí mo bí ọ," ó ní, "orí rẹ tóbi débi pé ìyá bàbá rẹ ń bẹ̀rù. Mo ní ẹ fi í sílẹ̀, ara á bá a."

"Ó sì bá a?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a."

N kò rántí ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn nínú ilé yìí. Ó jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán. Ó wá ní, "N kò gbà pé láti ara ọ̀bọ la ti wá."

"Mo mọ̀, Màámi."

"Ṣùgbọ́n bí o bá ti rí nǹkan, má sọ pé o kò rí i." Ó dìde lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀. Kò tún wọ yàrá náà mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì tún dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Ẹrẹ́nà.

Tàíbátù wá. Ó ti wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú Fàtímọ̀ àti ọsàn nínú ọ̀rá. Ó kúnlẹ̀ kí Màámi, ó sì jókòó sórí ìpẹ̀kun àga.

"Tíṣà, èmi ni mo lọ pè wọ́n."

"Mo mọ̀."

"N kò mọ ibi tí mo tún lè sáré lọ."

"Bí ó bá jẹ́ tèmi ló sọnù," mo ní, "èmi náà ì bá sáré lọ."

Ó wò mí nígbà tí mo sọ pé tèmi. Ó bojú wolẹ̀. Ó ní kí n fi orí ọmọ aáyá náà han òun. Mo gbé e wá. Ó gbà á, ó yí i wò bí dókítà ṣe yí i. "Ó jọ ọmọ," ó ní. "Ó jọ ọ́," mo dá a lóhùn. Fàtímọ̀ ń jẹ ọsàn lẹ́nu ọ̀nà, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀.

Wọn kò pẹ́. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wọn lọ, mo dúró níbẹ̀ pẹ́ díẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé mo ti padà sílé.

Ọjọ́ Ajé, 30 Ẹrẹ́nà.

Adéṣẹwà tó ń bá mi tẹ iṣẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ti dé orí tó kẹ́yìn. Rìbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wọ́n, àwọn lẹ́tà tó kẹ́yìn ti ń ṣá. Ó dá iṣẹ́ dúró nígbà tí mo wọlé.

"Àǹtí, ẹ kọ ọ́ níbí pé ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rufus sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé kì í ṣe òun náà ló máa fọwọ́ sí i?"

"Òun náà ni."

"Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo jókòó. Mo lè yọ ojú ìwé mẹ́rin péré, ìyókù á sì dúró. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Kò sí ẹni tó tún ń wo inú orí ọ̀bọ yìí ní gbogbo ilẹ̀ yìí, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti lọ. Ohun tó dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn.

"Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀," mo ní.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Igbe.

N kò lè jẹun. Màámi rò pé ibà ni, ó po ewé fún mi. Mo mu ún.

Ọjọ́bọ̀, 9 Igbe. Ìbàdàn.

Ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣófo. Àwọn ibi tí àwòrán ti wà lára ògiri mọ́ ju ìyókù lọ. Páálí ló jókòó lé. Ó ti ka iṣẹ́ mi. Mo fi ránṣẹ́ sí i ṣáájú.

"O ní mo ṣì í," ó ní.

"Mo ní ohun tí mo rí, sà."

"O kò ní agbárí náà mọ́. Wọ́n ti fọ́ ọ."

"Inú rẹ̀ wà, sà. Mo kó o wá, àti àwọn ti rọ́bà."

Ó na ọwọ́. Ó ti di irin ìwọ̀n rẹ̀ sínú ẹrù, ó lo tèmi. Ó wọn ọpọlọ símẹ́ǹtì náà, ó wọn ti ẹdun, ó kọ ọ́ sẹ́yìn àpò ìwé kan, ó tún wọn wọ́n. Èmi ń gbé wọn fún un, mo ń gbà wọ́n padà, bí a ti ṣe ń ṣe nígbà tí mo kọ́kọ́ di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí inú mi máa ń dùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí pé ẹnì kan wà tó ń rí ohun tí mò ń rí. Ẹnì kan wá béèrè tábìlì rẹ̀ tó fẹ́ tà. Ó ní kó padà wá.

Nígbà tó yá ó gbé irin náà kalẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tẹ ojú.

"Ta ló kọ́ ọ ní wíwọ̀n?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Hmm." Ó wo fèrèsé. "Agbárí ni mo kọ́kọ́ wò. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ rí kí n tó wo inú rẹ̀."

"Èmi náà, sà. Bí wọn kò bá fọ́ ọ, ojú yẹn náà ni èmi ì bá ṣì máa fi wò ó."

Ó fọwọ́ sí i. Ó kọ ojú ìwé kan gbáko fún àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, pé iṣẹ́ yìí tún tòun ṣe, àti pé kí wọ́n gba ti akẹ́kọ̀ọ́ náà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mọ́ṣádé, ta lo máa bá sọ̀rọ̀ báyìí?"

A jọ gbé páálí kan sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì lọ wá ẹni tó fẹ́ ra tábìlì.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Igbe. Ayépé.

Nínú ọkọ̀, mo gbé ìwé náà lé itan. Ọkùnrin tó jókòó tì mí béèrè bóyá ìwé ilẹ̀ ni. Mo ní rárá, ìwé lórí ọ̀bọ ni. Ó ní, "Ọ̀bọ?" ó sì yíjú sí fèrèsé.

Òjò ti rọ̀ kọjá ní Ayépé, ilẹ̀ ń rùn. Màámi wà lórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ó gbà, Màámi."

"Kí ló gbà?"

Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi ẹrẹ̀ tó kún inú orí ọ̀bọ náà, nígbà tí kò tíì sí Ìjẹ̀bú, tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni. Mo sọ bí ó ṣe di òkúta. Mo sọ nípa páárì tó ṣáájú àti ọpọlọ tó tẹ̀lé e, mo sọ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ àti ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀, nítorí n kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé òmùgọ̀ ni. Ó ń mi orí. Nígbà tí mo dé ibi ìwọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ ti dúró nínú àwo ẹ̀wà, àgbọ̀n rẹ̀ ti kan àyà, ó ti sùn.

Mo gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà dà. Mo ń ṣa ẹ̀wà náà lọ, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ ní ohùn jẹ́jẹ́, títí mo fi sọ ọ́ dé òpin.